Ìmọ́lẹ̀ Àyà Ọláyọdé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àárín orí Ọláyọdé ṣe rí, èmi ni kí ẹ bi. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé ilé kan náà ní Ṣàngótẹ́dó, ẹnu ọ̀nà tèmi kọjú sí tirẹ̀, àárín orí rẹ̀ ni mo sì máa ń rí. Fóònù ló ni ojú rẹ̀, àwa ará ilé la ni àárín orí. Tí o bá kí i nírọ̀lẹ́, àárín orí náà ni yóò dá ọ lóhùn pé, "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Bọ́sẹ̀." Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Aṣọ àdúrà funfun ni mò ń rán, mo sì máa ń rí ohun tí kò kàn mí láti ojú fèrèsé mi.

Ọmọ Ẹdẹ ni Ọláyọdé. Táìlì ló ń tẹ́ sáwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Lẹ́kkí Phase 1, iṣẹ́ náà sì dá a lójú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó ń tẹ́ táìlì á máa wolẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, bóyá ibẹ̀ ni ọrùn rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wolẹ̀ nítorí àtijẹ yẹ kó lè gbójú sókè tó bá délé. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún tirẹ̀. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan wọ géètì, ọwọ́ ti wà nínú àpò nìyẹn. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, yóò máa wo àwọn tí kò mọ̀ rí tí wọ́n ń bá àwọn mìíràn tí kò mọ̀ rí jà lórí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, yóò sì máa dá rẹ́rìn-ín. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, oúnjẹ á tutù, eṣinṣin á jẹ tiwọn yó, baálé ilé á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè bóyá oúnjẹ ò tíì jinná.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Olúwadábírà, tí gbogbo wa ń pè ní Dábírà. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ náà gbọ́n. Ó ti mọ̀ pé tí òun bá fẹ́ bá bàbá òun sọ̀rọ̀, àfi kí òun rá wọ abẹ́ apá rẹ̀, kí òun yọ orí sí àárín òun àti fóònù. Bàbá á wá fi ọwọ́ rọra ti orí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ká kọ́tìnnì, yóò sì máa wo ohun tó ń wò lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Àjíkẹ́ ń lọ ra ata ní Ajah, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Bàbá Dábírà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fojú sí ọmọ o." Àárín orí ní òun ti gbọ́.

Géètì wa ò jìnnà sí títì márosẹ̀ tó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn típà oníyanrìn àtàwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté tuntun kì í sì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ èèyàn àti páálí. Ọmọ bá rọra jáde. Ọlọ́run ni kò fẹ́ ká rójú ibi. Kàmọ́rù, ọmọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá, rí i létí títì, ó gbé e, ó sì ń gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró níwájú Ọláyọdé pẹ̀lú ọmọ lápá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúulé o. Ṣé inú ilé yìí lọmọ yìí ti jáde?"

Ọláyọdé ò gbójú sókè. Ó ní, "Rárá o. Try ilé kejì."

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí èmi náà tún un gbọ́ nínú ọkàn mi kó tó yé mi. Ọmọ rẹ̀ ni. Bàtà tí òun fúnra rẹ̀ rà ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Dábírà pàápàá nawọ́ sí i, ó ní, "Bàbá mi nìyẹn," Kàmọ́rù sì rò pé ìsọkúsọ ọmọdé ni, torí bàbá wo ni wọ́n á gbé ọmọ rẹ̀ síwájú rẹ̀ tí yóò ní kì í ṣe tòun? Kí n tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ti yíjú padà tó ń lọ sí ilé kejì. Ẹnu géètì ni òun àti Àjíkẹ́ ti pàdé.

Àjíkẹ́ ò pariwo. Ó gba ọmọ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kàmọ́rù lórí ìkúnlẹ̀, ó sì wá dúró síwájú ọkọ rẹ̀ títí ìyẹn fi gbójú sókè.

"Bàbá Dábírà, mi ò ní bá yín jà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ́. Ọjọ́ tí ọmọ yìí bá tún wà níkàáwọ́ yín, tí fóònù tún wà lọ́wọ́ yín, ilé bàbá mi ní Ẹdẹ ni mò ń lọ, èmi àti ẹ̀. Mi ò sì ní padà wá."

Gbogbo wa la mọ Àjíkẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tó bá sì sọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ẹ̀rù ba Ọláyọdé gidi. Ẹ má jẹ́ ká rẹ́ ẹ jẹ, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀; ojú tí yóò fi wò wọ́n ni kò ráyè.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá wa lọ sí ìjọ wa tó wà lójú ọ̀nà Lángbàsà. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Bàtà kì í wọlé, fóònù kì í wọlé; apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí kálukú ń ju tirẹ̀ sí. Ó kúnlẹ̀ níwájú Wòlíì Ọlálérè, bàbá arúgbó tó nífẹ̀ẹ́ èèyàn, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ àyàfi ìran. Wọ́n tan àbẹ́là, ó sì búra pé bí òun bá ti délé, òun ò ní fọwọ́ kan fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́, àti pé òun ò tún ní wò ó mọ́ níbi tí ọmọ òun bá wà. Wòlíì gbàdúrà fún un, àwa náà ṣe àmín.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe lẹ́yìn ìbúra ni pé ó gbé e sórí Wasáàpù. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Mo ti bọ́ lọ́wọ́ fóònù. Ẹ bá mi yọ̀." Kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń bá a yọ̀ máa yọ̀ lásán, ó ní láti máa yọjú wo àwọn tó ti rí i. Láti ìgbà náà ni inú ti ń run ún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé wa ń lò. Tí Ọláyọdé àti fóònù abẹ́ aṣọ rẹ̀ bá wọ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwa tó kù á tò síta pẹ̀lú kẹ́tùlù omi lọ́wọ́, a ó máa kí i nínú ilé pé ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àánú rẹ̀ ṣe Àjíkẹ́. Ó se àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un, èyí tó korò jù, ó sì dúró tì í kó mu ún tán. Ọláyọdé rí i pé tí òun bá jẹ́wọ́, Ẹdẹ ni. Ó mu àgbo náà. Ní tòótọ́, inú wá ń run ún wàyí.

Ẹni tí àgbo ń dà láàmú báyìí ní láti wá ibòmíràn, ibi tó sì rò pé ẹnikẹ́ni ò ní fura sí ni ilé Ọlọ́run. Aṣọ ìjọ wa kì í ní àpò. Èmi ni mo rán tirẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò fi àpò sí i. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gán àpò kan sínú àyà aṣọ náà, òwú tí wọ́n fi ń dí àpò gàrí ló fi gán an. Lẹ́yìn náà ó lọ wá fóònù kan tó ti kú látọjọ́ pípẹ́, ìyẹn ló ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà níṣojú gbogbo ayé. Èyí tó wà láàyè ń bá a wọlé. Tí a bá dijú, yóò di ẹnu aṣọ lọ́rùn mú, yóò sì yọjú wo inú ara rẹ̀. Àwa tó bá ṣèèṣì rí i rò pé ó ń yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, iná lọ nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ò tètè jí, àbẹ́là pẹpẹ nìkan ló kù. Gbogbo wa foríbalẹ̀. Bí a ṣe gbé orí sókè, àyà Ọláyọdé ń mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ló fi ìsọkúsọ ránṣẹ́ sí i, fóònù sì dáhùn lábẹ́ aṣọ funfun. Wòlíì Ọlálérè na ọ̀pá síwájú.

"Ìmọ́lẹ̀! Mo rí ìmọ́lẹ̀! Àyà ọmọkùnrin kan ń tàn nínú ilé yìí!"

Ìjọ bú sí halelúyà. Arábìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òun tiẹ̀ ń gbọ́ bí ẹ̀mí náà ṣe ń kùn vùùù. Èmi wò ó, mo ní nínú ara mi pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wo ló máa ń tàn tó máa ń kú bí i tórọ́ṣì, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wòlíì jiyàn nínú òkùnkùn? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ọláyọdé nílò láti sọ. Ó wo Àjíkẹ́, ó rí i tí omi ń dà lójú rẹ̀ fún ayọ̀. Ó bá kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì gba ògo tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọdọọdún ni ìjọ wa máa ń lọ gbàdúrà létí òkun ní Eleko. Nígbà tí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀ sórí yanrìn tí wọ́n dijú, ẹnì kan wà tí kì í dijú. Olùṣọ́ Etí Omi là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ ẹ̀yìn sí àdúrà, kó kọjú sí òkun, kó máa wo àwọn ọmọ títí di àmín ìkẹyìn. Kò gbọ́dọ̀ kọrin, kò gbọ́dọ̀ sọ èdè ẹ̀mí, bí ìran tilẹ̀ ń bọ̀, kó ní kó dúró ná. Bàbá Mákánjúọlá ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, orúnkún ti wá ń dá bàbá lágara. Wòlíì dìde, ó ní ẹni tí Ọlọ́run tan iná sí láyà ni yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ lọ́dún yìí. Nínú gbogbo ìjọ, ẹni tí kò lójú ni wọ́n fi ṣe olójú.

Àárọ̀ Sátidé la dé Eleko. Oòrùn mú díẹ̀, àwọn apẹja ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, omi ń pariwo bó ṣe máa ń pariwo. Àjíkẹ́ mú ọwọ́ Dábírà, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Dábírà, ọkàn mi balẹ̀ lónìí." Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. A kúnlẹ̀, a dijú.

Mi ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Igbe ọkùnrin kan ló là wá lójú. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja ni, Ọdúnjọ lorúkọ rẹ̀. Ó ń ti inú omi jáde, omi ń ro lára rẹ̀, Dábírà wà léjìká rẹ̀ tó ń wúkọ́ tó ń pọ omi. Ọláyọdé dúró lórí iyanrìn gbígbẹ, ó na ọwọ́ sókè, ó ń ké pé, "Ọlọ́run ṣeun! Ọlọ́run ṣeun!" Àyà aṣọ rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọdúnjọ gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìjọ, kí lọkùnrin yìí ń wò?" Ṣùgbọ́n orin ọpẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìlù àti agogo ti gba gbogbo etí òkun. Wòlíì ní ìmọ́lẹ̀ àyà bàbá ló pe apẹja wá. Àjíkẹ́ ń sunkún, ó ń di ọmọ mọ́ra, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gúnyán fún un. Ọláyọdé jẹ ẹ́ nígbà tó gbóná, nítorí ẹ̀rù ò tíì kúrò lára rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó dúró síbẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n Ọláyọdé ti fi ojú tirẹ̀ sí àpò. Fídíò kan wà nínú fóònù náà tó dára jù fún un láti pa rẹ́. Ó ń wò ó ní ibi iṣẹ́, ó ń mi orí. Ó fi orin ọpẹ́ kan sí i nísàlẹ̀, ó kọ "Wo bí Ọlọ́run ṣe yọ ọmọ mi nínú omi" sí i lórí, ó sì jù ú síta fún gbogbo ayé. Ó gbọ́n, ó dí ojú ìyàwó rẹ̀ lórí ìkànnì náà kó má baà rí i. Ó gbàgbé pé ayé pọ̀ ju ìyàwó ẹni lọ.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ló sáré wọlé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ayọ̀ kún inú rẹ̀. "Àǹtí Àjíkẹ́! Ẹ ti blow o! Ẹ wá wo views! Gbogbo Nigeria ti rí Dábírà!"

Inú yàrá mi ni Àjíkẹ́ jókòó sí, ó ń bá mi fa òwú. Ó gba fóònù. Èmi náà yọjú. Òkun la kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú aṣọ funfun àwọn ará ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà Dábírà, tó kọ ẹ̀yìn sí omi. Orin ọpẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n kò bo ohùn bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Sún sẹ́yìn díẹ̀. Sún sí i. Àhán-àn, sún sí i, kí òkun lè hàn. Ó yá, rẹ́rìn-ín." Ọmọ náà ń sún sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ní kó sún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí bàbá rẹ̀ ń wò ó lọ́jọ́ náà. Ìgbì dé láti ẹ̀yìn, ó sì gbé e lọ.

Àwòrán náà ò mì. Mo ti rí fídíò ibi tí wọ́n ti ń jà, ibi tí ilé ti ń wó, ọwọ́ ẹni tó ń ya á máa ń gbọ̀n. Èyí ò gbọ̀n. Nígbà tí orí ọmọ wọ inú omi, àwòrán náà tún fẹ̀ sí i, ó fa ibi tí ọmọ wà súnmọ́ kó lè hàn dáadáa. Àwòrán ló súnmọ́ ọmọ, bàbá rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọdúnjọ ré kọjá níwájú, tó ń sáré, tó sì bẹ́ sómi.

Àjíkẹ́ ní, "Bọ́sẹ̀, tún un gbé." Bọ́sẹ̀ tún un gbé, ẹ̀rín ti kúrò lójú òun náà. Àjíkẹ́ wò ó tán, ó dá fóònù padà, ó ní, "O ṣeun." Ó ká òwú tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sórí ẹ̀rọ mi, ó sì lọ di ẹrù.

Nígbà tí Ọláyọdé dé láti ibi iṣẹ́, ó bá a lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù wà nílẹ̀. Kò bú u.

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, kí ẹ má baà sọ pé mo sá lọ. Ẹ wò mí dáadáa. Ẹ wo ọmọ yìí náà."

"Ìyá Dábírà, jẹ́ n ṣàlàyé! Àdúrà ti fẹ́ẹ̀ parí nígbà tí mo... Wò ó, àwọn èèyàn ń ṣàdúrà fún wa lábẹ́ ẹ̀! Gbogbo wọn ń ṣe àmín!"

Ó sì ń yọ fóònù bọ̀ láti fi àwọn àmín náà hàn án. Bẹ́ẹ̀ ni, níbẹ̀ náà. Mo fi ọwọ́ bo ojú mi nítorí ìtìjú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi rí ibi tí àwọn àmín wà, Àjíkẹ́ ti wọ márúwá Kàmọ́rù, wọ́n sì ti yà sí títì.

Ìjọ gbọ́. A lọ bá Wòlíì Ọlálérè, bàbá ronú títí, ó ní ìmọ́lẹ̀ ni òun sọ pé òun rí, òun ò sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́. Bàbá Mákánjúọlá ti gba iṣẹ́ rẹ̀ padà pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ìjọ wa, wọ́n ń fọwọ́ kan àyà ọkùnrin kí ó tó wọlé báyìí.

Ọláyọdé ṣì wà ní ojúkojú mi. Kò sí ẹni tó ní kó má tẹ fóònù mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wa. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó máa ń pe Ẹdẹ lórí fídíò. Àjíkẹ́ kì í bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn rere ni, kì í fi ọmọ dù ú. Yóò gbé fóònù dúró síwájú Dábírà ní àgbàlá bàbá àgbà rẹ̀, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lánàá, mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti ojú fèrèsé mi.

"Dábírà, Bàbá nìyí. Dábírà. Wo ojú mi."

"Ẹ dúró ná, mò ń wo àwọn ọmọ adìyẹ."

Ọrùn Ọláyọdé nà tọ́ báyìí, ó gbé fóònù náà sókè síwájú ojú rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ. Ẹ̀yìn orí ọmọ náà ló kún ojú fóònù, irun dídì méjì àti ìpàkọ́. Bàbá rẹ̀ ń dúró kó yíjú.